Ẹsẹ̀ Dàwódù Nínú Amọ̀

Àwọn ará Agége a máa sọ pé ẹ̀ṣẹ́ Dàwódù oníbúrẹ́dì dà bí ọmọ odó: ibi tó bá bà sí, nǹkan ibẹ̀ kò tún ní rí bó ṣe rí mọ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó dúdú, ó sígbọnlẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì ki pọ́pọ́ nítorí pé ìyẹ̀fun ló fi ń pò lójoojúmọ́ ayé. Búrẹ́dì tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò ní ẹlẹ́gbẹ́, láti ìdí réluwéè títí dé ibi tí katapílà òyìnbó ti ń hú igbó obì ní Ìkẹjà láti kọ́ ilé-iṣẹ́ sí. Bí ọkọ̀ ojú irin bá dúró, àwọn èrò á na ọwọ́ láti ojú fèrèsé: "Ti Dàwódù ni kẹ́ ẹ fún mi o!" Ṣùgbọ́n bí búrẹ́dì náà ti rọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tó pò ó ṣe le. Ó ti na aládùúgbò, ó ti na oníbàárà, ó ti na oníkẹ̀kẹ́ tó ṣèèṣì gbá agbọ̀n rẹ̀ dànù. Kùdírátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Jimoh ọmọ rẹ̀, náà kò yọ sílẹ̀. Bí àgbà bá sì bá a wí, ohun tí yóò sọ ni pé, "Èmi kọ́, ọwọ́ ni." Àfi bí ẹni pé ọwọ́ ọ̀hún ní ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó kàn ń wá kí i.

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin ìlú òyìnbó wá sí Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lásìkò òjò àrọ̀kúrò. Jẹ̀lílì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta igi ìdáná, kó igi tútù wá fún Dàwódù. Igi ń rú èéfín, kò gbiná. Búrẹ́dì àárọ̀ ọjọ́ náà jáde ní funfun báláú bí ojú olókùnrùn, inú rẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Obìnrin kan tó ń tà á ní ìdí réluwéè gbé e padà wá, ó mú ẹyọ kan, ó sọ ọ́ lu ògiri. Búrẹ́dì náà lẹ̀ mọ́ ògiri, kò já bọ́. Làsísì télọ̀, tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, wò ó títí, ó ní, "Dàwódù, ṣé búrẹ́dì lò ń tà ni àbí àtè?" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọjọ́ jẹ́.

Nígbà tí Jẹ̀lílì tún gbé igi mìíràn dé lọ́sàn-án, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Dàwódù fi gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ló pa igi o, kì í ṣe èmi!"

"Ṣé òjò ni mo bẹ̀ níṣẹ́ igi?"

Ẹ̀ṣẹ́ balẹ̀. Eyín iwájú Jẹ̀lílì méjì fò jáde, ẹ̀jẹ̀ ya bo ẹ̀wù rẹ̀. Èkejì balẹ̀ ní ìhà. Ní àkókò náà, adìẹ ti ń sá wọlé láìsí ẹni tó lé wọn, ojú ọ̀run apá ìwọ̀ oòrùn sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Jẹ̀lílì gbójú sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ó rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n délé. Ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Ẹ ò rí òkè ni?"

Dàwódù wo òkè. Ó rí i. Ibi tí ìtàn yìí ti ń dun ènìyàn nìyẹn: kì í ṣe pé kò rí i. Ó rí òkùnkùn náà, ó rí bó ṣe ń yí bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ènìyàn ṣì ń dún létí rẹ̀.

"Ìyá rẹ á dúró dè ọ́," ló sọ. "Bí mo bá ṣe tán lára rẹ, á rí ọmọ tó máa máa tọ́jú." Ó tún gbé ọwọ́ sókè.

Ẹni tó bá ní òun rí ìjì ọjọ́ náà, irọ́ ló ń pa. Ojú kì í rí ìjì. Ohun tí ìjì gbé lọ́wọ́ ni a rí. A rí páànù tó ń fò bí ewé gbígbẹ. A rí ọ̀kan nínú wọn tó sọ̀ kalẹ̀, tó bẹ́ orí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà Làsísì, tí ara ewúrẹ́ ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tó ń ronú. Igi obì tí àwọn baba ńlá gbìn fà tu tòun ti gbòǹgbò. Ìjì ká òrùlé ilé búrẹ́dì kúrò lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Dàwódù ṣì di ọmọ ọlọ́mọ mú. Jẹ̀lílì fi orí kàn án ní àyà, ẹ̀wù ya mọ́ Dàwódù lọ́wọ́, ọmọ náà já, ó sáré. Ògiri wó. Dàwódù fò sẹ́yìn, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún kò bá a fò. Ààrò búrẹ́dì, tòun ti iná tó wà nínú rẹ̀, wó lé apá náà lórí láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka.

Kùdírátù ló fi ṣọ́bìrì wú u jáde, òjò ń na án lẹ́yìn, ó ń pariwo orúkọ Ọlọ́run.

Jẹ̀lílì sáré délé, kò bá ilé. Àwọn aládùúgbò bá a wú amọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán, títí èékánná fi ń tu. Wọ́n rí òkú ìyá náà ní ẹnu ọ̀nà gan-an. Ó ti fi ìdí wọ́ dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti jáde, orí rẹ̀ ni kò tíì jáde. Kò sẹ́ni tí kò ṣe ìṣirò náà nínú ara rẹ̀: ìgbà tí ọmọ ì bá fi gbé ìyá rẹ̀ jáde ni Dàwódù fi di ọrùn rẹ̀ mú.

Ní ọsibítù, wọ́n gé apá Dàwódù ní òkè ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó padà sí Agége, abẹ́ tapólì tí wọ́n ta mọ́ ìyókù ògiri ló bá ìyàwó rẹ̀. Àwọn àpò ìyẹ̀fun tí òjò rin ti gan pa, wọ́n ti di òkúta. Kùdírátù ti lọ ń gba búrẹ́dì oníbúrẹ́dì mìíràn, ó ń gbé e lọ fún àwọn lébìrà tó ń kọ́lé ní Ìkẹjà. Kò sẹ́ni tó yà wá kí Dàwódù. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ wá rí i pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ràn òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kùdírátù gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Búrẹ́dì ni. Dàwódù mú un, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ti ta nìyí?"

"Búrẹ́dì ni, Bàbá Jimoh. Ẹ jẹun."

"Mo ní ti ta nìyí! Ṣé búrẹ́dì ọ̀tá mi lo gbé fún mi jẹ nínú ilé mi?"

Ó dìde, ó na ọwọ́ òsì sókè. Kùdírátù bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń ti búrẹ́dì wọ ààrò yọ láàárín àlàpà. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kò ga rárá.

"Ọ̀kan ló kù, Dàwódù. Bí o bá fi kàn mí, ìyẹn náà á lọ."

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò pè é ní orúkọ rí.

"O pa ìyá Jẹ̀lílì," ló tún sọ. "Ìjì bá ọ dá sí i, ṣùgbọ́n ìwọ lo dì í mú. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó ń bẹ̀ ọ́, n kò sì lè sọ̀rọ̀, nítorí pé mo ń bẹ̀rù rẹ. N kò bẹ̀rù rẹ mọ́. Mo ti la ìjì já. Ta tún ni ọ́?"

Dàwódù wo ọ̀pá náà, ó wo ojú obìnrin náà. Nígbà tó yá, ó sọ ọwọ́ tó na sókè kalẹ̀, ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun tó ti di òkúta, ó jẹ búrẹ́dì ọ̀tá rẹ̀ tán.

Ẹ̀rùn dé. Ìgbà ẹ̀rùn ni à ń mọlé, gbogbo àdúgbò ló sì fẹ́ mọ tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Àjíṣọlá, àgbà onílẹ̀ ibẹ̀, ní ọ̀wẹ̀ ni kí wọ́n ṣe: kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ pawọ́ pọ̀ mọ ilé ẹnì kan, kí wọ́n tó bọ́ sí tẹlòmíràn. Ilé tí òkú ti sùn ni yóò ṣíwájú, ìyẹn ilé Jẹ̀lílì. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tí kò bá jẹ́ ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn, tirẹ̀ kò sí. Wọ́n ránṣẹ́ láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí oníṣẹ́ dé iwájú tapólì Dàwódù, ó kàn wúkọ́, ó kọjá.

"Ta ni yóò wá bá mi mọ ògiri báyìí?" Dàwódù bi ìyàwó rẹ̀.

"Ilé ta lẹ ti bá wọn mọ rí?"

Ó ronú. Kò rí ọ̀kan. "Ọwọ́ kan ni mo ní," ló sọ.

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀," ni Kùdírátù fèsì, ó gbé igbá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Dàwódù ṣe ká ṣòkòtò dé itan, tó lọ sí ilé Jẹ̀lílì láìsí ẹni tó pè é. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò amọ̀, àwọn obìnrin ti ń pọnmi sí i láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ̀rọ̀ ń lọ, orin ń lọ. Bí wọ́n ti rí i, gbogbo rẹ̀ dá wáí. Làsísì télọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Oníbúrẹ́dì ti dé o! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fi ìwúkàrà sí amọ̀ wa, ilé á wú bo gbogbo wa!"

Dàwódù wọ inú kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ amọ̀.

Jẹ̀lílì jáde láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ẹrúkọ́ lọ́wọ́. Ó rìn wá sí etí kòtò, ó gbé ẹrúkọ́ sókè, ó sì là á mọ́ ẹ̀yìn Dàwódù. Ó dún bí ìgbà tí a bá la igi. Ó tún là á mọ́ èjìká. Ó là á mọ́ orí, awọ orí ya, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ojú.

"Jáde nínú amọ̀ ilé ìyá mi!"

Dàwódù ń tẹ amọ̀.

"Mo ní kí o jáde!"

Nígbà tí ẹrúkọ́ tún ń bọ̀, ọwọ́ òsì Dàwódù gbà á mú láìjẹ́ pé ó rò ó. Gbogbo agbára apá méjèèjì àtijọ́ ti wá sá sínú ọ̀kan tó kù. Bó bá fà á pẹ́nrẹ́n, Jẹ̀lílì á ṣubú sínú kòtò, á sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Adùn ìjà gun apá rẹ̀ wá, adùn tí ó mọ̀ dáadáa. Ó di igi náà mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Lẹ́yìn náà ó la ọwọ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Mo rí òkè lọ́jọ́ yẹn," ló sọ. "Nígbà tí o ní ṣé n kò rí òkè. Mo rí i. Mo sì dì ọ́ mú."

Bàbá Àjíṣọlá ti dìde. "Jẹ̀lílì, bí à ń jà, bí i ká kú kọ́."

"Bí i kó kú ni, Bàbá!" Jẹ̀lílì ké. Ó gbé igi náà, ó fi gbá kùkùté apá Dàwódù, níbi tí egbò kò tíì jinná dénú. Dàwódù ké bí ẹran, ó dojú bolẹ̀ nínú amọ̀. Ẹ̀jẹ̀ orí, ẹ̀jẹ̀ apá, gbogbo rẹ̀ pò mọ́ ọn. Ìgbà náà ni wọ́n tó fa Jẹ̀lílì sẹ́yìn.

Bàbá Àjíṣọlá wá sí etí kòtò, ó wò ó, ó mi orí. "Amọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kán sí kì í gun ògiri. Ilé tí a bá fi ẹ̀jẹ̀ mọ, ìjà ni yóò máa sùn níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù."

Àwọn ènìyàn kérora. Omi tí wọ́n ti ń pọn láti ìdájí! Iṣẹ́ gbogbo àárọ̀! Wọ́n bú Dàwódù, wọ́n bú Jẹ̀lílì, wọ́n kó ọkọ́ wọn, oníkálukú gba ilé lọ. Jẹ̀lílì náà ju igi sílẹ̀, ó lọ.

Ó ku Dàwódù nìkan nínú kòtò. Kùdírátù gbọ́, ó sáré dé, ó tú gèlè rẹ̀, Dàwódù fi di orí, ó wá fi àwo bẹ̀rẹ̀ sí í bu amọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ náà jáde. Ọwọ́ òsì ló fi ń bù ú, ọwọ́ tí kò dá ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tí kòtò mọ́, ó wa ilẹ̀ tuntun sí i. Kùdírátù ń pọnmi sí i. Dàwódù tẹ̀ ẹ́, ó bu omi sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí oòrùn fi wọ̀ lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn dé, wọ́n bá amọ̀ nílẹ̀, ó kúnná, ó ń dán. Làsísì bu díẹ̀, ó fún un láàárín ìka.

"Ẹ wá wò ó o," ló sọ. "Ó rọ̀ ju búrẹ́dì rẹ̀ ìjọ́sí lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara Dàwódù gbóná wìì. Ọwọ́ tí kò sí mọ́ di ẹ̀ṣẹ́ nínú òfìfo. Ó dúró kí ìbínú náà kọjá lọ. Ó kọjá lọ. Ó wá ní, "Ó dùn jù ú lọ náà. Tọ́ ọ wò." Àwọn ènìyàn wo ara wọn, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí yàtọ̀ létí rẹ̀. Jẹ̀lílì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gun ìpìlẹ̀, ó ń gba amọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò bojú wo kòtò.

Bẹ́ẹ̀ ni Dàwódù tẹ amọ̀ kiri láti ilé dé ilé títí ọyẹ́ fi la àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá mọ ẹni tí ìgbóná pa ọmọ rẹ̀, ó mọ ẹni tó ń fi àwàdà bo ebi. Ó ti ń gbé láàárín wọn látọjọ́ yìí, orúkọ wọn nìkan ló mọ̀, àti ibi tí ẹ̀ṣẹ́ òun ti bà wọ́n. Kò sì di áńgẹ́lì o. Ẹ̀ẹ̀kan wà tó gbé àwo fọ́ mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n pè é ní ọlọ́wọ́ kan. Ó dúró síbẹ̀, ojú tì í, ó ṣa àfọ́kù rẹ̀. Nígbà tí Làsísì àti Reuben káfíńtà fa àdá yọ síra wọn lórí páànù kan tí ìjì gbé wá, tí ẹni kọ̀ọ̀kan ní tòun ni, Dàwódù ló kó sáàárín wọn tó na kùkùté apá rẹ̀ sí wọn lójú. "Ẹ gé èyí, ó ti kúrú tẹ́lẹ̀," ló sọ. "Mo ṣe irú èyí tí ẹ ń ṣe yìí rí. Ẹ wo èrè rẹ̀." Àdá Reuben ti ṣá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn kí wọ́n tó gbọ́. Ọgbẹ́ náà kò jìn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì sọ àdá sílẹ̀.

Ilé Dàwódù ló kángun. Nígbà tó fi máa kàn án, òjò tuntun ti ń kùn lókè. Bí ògiri kò bá ga kí òjò tó dé, kò sí ààrò, kò sí búrẹ́dì. Àfi kó kó aya àti ọmọ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gbogbo wọn dé, Làsísì, Reuben, àwọn obìnrin pẹ̀lú ìkòkò omi. Jẹ̀lílì nìkan ni kò dé. Bàbá Àjíṣọlá sì jókòó lórí àpótí, ó ní wọn kò gbọdọ̀ fi ìṣù amọ̀ kan lélẹ̀: bí ilé kan tó jẹ ọ̀wẹ̀ kò bá yọjú, ọ̀wẹ̀ kò pé.

Làsísì ní kí òun lọ fi ipá fà á wá.

"Má lọ," ni Dàwódù sọ. "Bí kò bá wá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká dúró."

Wọ́n dúró títí oòrùn fi kàn wọ́n látàrí. Àwọn kan ti ń kó ọkọ́ nígbà tí Jẹ̀lílì yọ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gun ìpìlẹ̀ ilé Dàwódù, ó dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ju amọ̀ wá."

Láàárín gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Dàwódù ló ń wò. Dàwódù ṣù ú, ó fi ọwọ́ òsì sọ ọ́. Kò dé ọwọ́. Ó bá Jẹ̀lílì ní àyà, pàà! Jẹ̀lílì bojú wo àyà rẹ̀. Ó yọ ìṣù náà kúrò, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ ọ́ padà, ó bá Dàwódù lójú, orí rẹ̀ sì fì sẹ́yìn, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀.

Dàwódù yára bọ́ sí etí kòtò kí ẹ̀jẹ̀ má bàa kán sí amọ̀. Ó gbé orí sókè, ó fún imú mọ́ títí ó fi dá. Ó nu ojú, ó padà wọ inú kòtò, ó ṣu òmíràn.

"Èyí á dé ọwọ́," ló sọ.

"Mi ò dárí jì ọ́ o," ni Jẹ̀lílì sọ láti òkè.

"Mo mọ̀."

"Ẹsẹ̀ rẹ ló po amọ̀ ilé ìyá mi. Gbèsè ìyẹn ni mo wá san, kí n má bàa jẹ ọ́ ní nǹkan kan láyé yìí. Gbọ́ dáadáa."

"Mo gbọ́."

"Jù ú wá nígbà náà, òjò ń bọ̀."

Dàwódù jù ú. Jẹ̀lílì gbà á, ó sì là á mọ́ ìpìlẹ̀ bí ẹni tó ń gbá ènìyàn létí. Ó tún na ọwọ́. Ìṣù ń lọ, ìṣù ń bọ̀, ó ń là wọ́n mọ́ ọn pẹ̀lú ìbínú, ara ògiri sì ń le sí i. Nígbà tí oòrùn fi ń rẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ti ga dé orúnkún yí gbogbo ilé ká, Kùdírátù sì ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo orí ògiri náà nítorí òjò.